Ìjókòó Iwájú fún Ẹsẹ̀ Tí Kò Ká

Ohun tó lè mú bàbá mi bínú kò pọ̀. Iná lè lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, omi lè má yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, wọn ò ní sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kí ọmọdé gba iwájú wọn kọjá ní òwúrọ̀ láì kí wọn, ìyẹn ni wọn ò lè gbà.

Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, aago mẹ́fà ààbọ̀ kì í lù kó má bá wọn lórí àga onígi kan lẹ́nu ọ̀nà fúláàtì wa ní Fẹ́sítáàkì, ní àjà kìíní, níbi tí gbogbo ẹni tó bá ń gun àtẹ̀gùn tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé ìjọba, ojú akọ̀wé náà ni wọ́n sì fi ń wo àtẹ̀gùn yẹn. Bí ọmọ kan bá sáré kọjá, wọn ò ní pariwo. Wọ́n á kàn ní, "Padà. Wá kí mi." Ọmọ náà á padà síbi tó ti ń bọ̀, á tún wá bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọjá, á dọ̀bálẹ̀ tàbí kó kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó rẹ́rìn-ín, wọ́n á ṣàdúrà fún un, wọ́n á béèrè ìyá rẹ̀. Mo ti rí àgbàlagbà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì tí wọ́n dá padà bẹ́ẹ̀, tòun ti táì lọ́rùn. Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí. N kò mọ̀ pé tèmi ń bọ̀.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún tí wọ́n fẹ̀yìn tì ni wọ́n ṣubú níbi tí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Máìlì Tú, orúnkún wọn sì fọ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, egungun jinná, ṣùgbọ́n gbọọrọ ló jinná sí. Orúnkún kò ká mọ́. Bí wọ́n bá jókòó, ẹsẹ̀ yẹn á nà síwájú bí igi tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn. Nínú ilé, àpótí kan wà tí wọ́n ń gbé e lé, kò sí wàhálà. Inú ọkọ̀ ni ẹjọ́ wà. Wọ́n lọ sìnkú ọ̀rẹ́ wọn kan ní Ìbàdàn, wọ́n sì fún wọn mọ́ àárín èèyàn méjì. Wákàtí méjì péré ni. Ìgbà tí wọ́n fi padà dé, ẹsẹ̀ náà ti wú débi pé a ní láti fi àlùmọ́gàjí gé ṣòkòtò kó tó bọ́ lára wọn. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni wọn ò fi kúrò lórí ibùsùn. Dókítà ní a ò gbọdọ̀ jẹ́ kí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ mọ́, pé ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú ẹsẹ̀ náà, pé bó bá dì, ọ̀rọ̀ ti kọjá ìrora nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, ló bá wa rí dókítà kan níbẹ̀ tó ní òun lè tún orúnkún náà ṣe. Ó gba ọjọ́ fún wọn, ó sì fi tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ránṣẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn ni, níbi tí gbogbo mẹ̀kúnnù ń jókòó sí, orúnkún èèyàn á sì kan ẹ̀yìn àga tó wà níwájú rẹ̀. Agbára ẹ̀gbọ́n mi kò gbé ti iwájú. Ó ju wákàtí mẹ́fà lọ láti Ìkẹjà dé ọ̀hún. Bí mo bá ti rántí Ìbàdàn, wákàtí méjì, àyà mi á já.

Ohun tó tún ń bí mi nínú ni pé iṣẹ́ tí bàbá mi ṣe gan-an nìyẹn. Àwọn ló ń gba tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ wọn nígbà tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá tó bá ń lọ sókè òkun, ìwé bàbá mi ló ń gbé e lọ, iwájú ló sì ń jókòó sí. Ipele tiwọn kò dé ibẹ̀. Wọ́n mọ iye àga tó wà níwájú bàálù, wọ́n mọ àwọ̀ káàdì tí wọ́n fi ń wọ̀ ọ́, pupa ni ti iwájú, àwọ̀ ewé ni ti ẹ̀yìn. Ìdí wọn kò kan àga iwájú kankan rí.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí lé orí ara mi láìjẹ́ pé wọ́n rán mi. Àbígbẹ̀yìn wọn ni mí, olùkọ́ ni mí nílé ìwé kan ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, ìyá wa ti kú, èmi nìkan ni mo sì kù nílé pẹ̀lú wọn. Mo fẹ́ràn láti máa to nǹkan fún èèyàn láì bi í. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní inagijẹ kan fún mi lórí ìwà yìí, n kò ní sọ ọ́ níbí.

Ọmọkùnrin kan ń gbé nísàlẹ̀ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfuurufú, lọ́dọ̀ àwọn tó ni bàálù tí bàbá mi máa wọ̀. Òun ni wọ́n ń fi sídìí káńtà tí èrò ti ń gba káàdì. Ọdún kan ni mo fi jù ú, síbẹ̀ Àǹtí ló ń pè mí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, bàbá mi sì ni wọ́n gbé ọmọ náà lé lọ́wọ́ ní ọjọ́ ìkómọ, nítorí bàbá tirẹ̀ kò sí láyé mọ́. Mo bá a níbi tó ti ń sá nápíìnì ọmọ lẹ́yìnkùlé, mo sì ro ẹjọ́ fún un.

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Àǹtí, ẹ rọra sọ̀rọ̀. Ó ṣeé ṣe o, àmọ́ kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń pariwo."

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Wọ́n máa ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn ju àga tó wà níbẹ̀ lọ, bí ẹ̀yìn bá sì kún, wọ́n á mú ènìyàn bíi mélòó kan lọ síwájú lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó wà ní káńtà ló ń yan ẹni tí wọ́n á mú. Páálí kan wà níwájú rẹ̀ tí wọ́n lẹ sítíkà kéékèèké mọ́, ìjókòó kan, sítíkà kan. Á ṣí sítíkà kúrò lára páálí, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì èrò, ó parí.

"Kí Bàbá wọ kóòtù," ó ní. "Ẹni tó bá múra bí ọ̀gá là ń fi síwájú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n rí ọ̀pá lọ́wọ́ wọn, ẹ má sì mú lẹ́tà dókítà jáde. Tí ọ̀gá mi bá gbọ́ pé ẹsẹ̀ ń dun èèyàn, á ní kó lọ gba ìwé lọ́dọ̀ dókítà tiwọn kó tó wọ bàálù, ọjọ́ tí wọ́n dá fún wọn ní Lọ́ńdọ̀nù á sì ti kọjá."

"Kò burú."

"Ó ku ọ̀kan." Ó di nápíìnì mú lọ́wọ́, omi ń kán sórí bàtà rẹ̀. "Mi ò ní kí Bàbá. Ọ̀gá mi máa ń dúró lẹ́yìn wa bí ọlọ́pàá. Oṣù tó kọjá ló lé ẹnì kan tó fi ìyàwó àbúrò ẹ̀ síwájú. Ẹ mọ nǹkan tó fi mú un? Obìnrin yẹn kúnlẹ̀ kí i ni. Ìkíni ni wọ́n fi mọ̀ pé wọ́n jọ mọra. Torí náà, mi ò ní tẹríba, mi ò ní sọ Yorùbá. Màá ṣe bí ẹni tí ò rí wọn rí. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n má bínú, kí wọ́n má sì pè mí. Ẹ sọ fún wọn kó yé wọn o. Àǹtí, mo ti lọ́mọ nílẹ̀."

"Màá sọ fún wọn," mo ní.

N kò sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko wà nílẹ̀, n kò sọ ọ́. Mo mọ bàbá mi. Pẹ́ńsùlù ìjọba kò wọ ilé wa rí. Ọmọkùnrin yìí kan náà ti gbé búláńkẹ́ẹ̀tì bàálù kan wá fún wọn rí nígbà ọyẹ́. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n ṣàdúrà fún un, wọ́n sì ní kó dá a padà síbi tó ti mú un. Bí mo bá sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé a fẹ́ fi ọgbọ́n gbé wọn síwájú, ẹ̀yìn ni wọ́n á lọ jókòó sí, wọ́n á sì tún máa kọrin ìjọ níbẹ̀. Ni mo bá ní kí n mú wọn débẹ̀ ná. Bí káàdì bá ti wà lọ́wọ́ wọn, tí bàálù bá ti gbéra, kí wọ́n máa bá mi jà láti òfuurufú.

Ọ̀rọ̀ kóòtù rọrùn. Mo ní òtútù ń mú ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì gbà. Kóòtù dúdú tí wọ́n fi ṣe ìdágbére níbi iṣẹ́ ni wọ́n mú jáde.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìrìn àjò ku ọ̀la, ọmọkùnrin ìsàlẹ̀ dá mi dúró nídìí àtẹ̀gùn. "Ṣé ẹ ti sọ fún wọn?"

"Mo ti sọ."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kò burú."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní òun ò ní gòkè wá kí wọn pé ó dàbọ̀, kí ọ̀rọ̀ má bàa bọ́ lẹ́nu òun, pé wọ́n ṣáà ti mọ ìdí rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọpẹ́ yẹn ṣì ń gún mi títí dòní.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, bàbá mi wọ kóòtù, wọ́n sì tún jókòó sórí àga wọn lẹ́nu ọ̀nà kí ọkọ̀ tó dé. Gbogbo ilé ló wá kí wọn. Wọ́n ṣàdúrà títí ẹnu wọn fi gbẹ. Nígbà tó yá, wọ́n wo ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

"Ọmọ ìsàlẹ̀ yìí kò wá kí mi."

"Aago márùn-ún ló ti lọ síbi iṣẹ́," mo ní.

"Àná ńkọ́? Ó mọ̀ pé òní ni mò ń lọ. Èmi tí mo gbé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́." Wọ́n mú ojú kúrò nídìí àtẹ̀gùn. "Ó dáa."

"Ó dáa" yẹn bà mí lẹ́rù ju ariwo lọ.

Ọkọ̀ Pijó kan tí a háyà ló gbé wa, ọmọ Kúje ìtòsí wa ni awakọ̀ rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bàbá mi nìkan wà lẹ́yìn, wọ́n na ẹsẹ̀ wọn gbọọrọ sórí àga, èmi wà níwájú. Bí a ṣe ń bá àwọn tírélà du ọ̀nà ní Máìlì Tú ni mo yíjú padà.

"Bàbá."

"Hẹ̀n?"

"Ṣé ẹsẹ̀ ò dùn yín?"

"Kò dùn mí."

Mo tún yíjú padà ní Òṣòdì. Ọ̀rọ̀ ti dé òkè ahọ́n mi. Wọ́n ti fi ìwé ìrìnnà àti tíkẹ́ẹ̀tì sórí itan, wọ́n ń fi àtàńpàkò tẹ́ etí wọn kó má ká, bí wọ́n ti máa ń ṣe sí fáìlì. Mo rò ó pé bí mo bá sọ ọ́ báyìí, wọ́n á ní kí awakọ̀ yí orí ọkọ̀ padà. Mo ní kí wọ́n gbé gíláàsì sókè díẹ̀, atẹ́gùn ti pọ̀ jù. Nígbà tí a rí òpó iná pápákọ̀, ọ̀rọ̀ ṣì wà lókè ahọ́n mi.

Ká tó wọlé, mo gba ọ̀pá lọ́wọ́ wọn. Mo ní kí ọwọ́ wọn lè ráyè fún ìwé. Mo fi ìborùn mi wé e, mo fi há abíyá. Wọ́n di apá mi kejì mú, wọ́n ń rìn díẹ̀díẹ̀.

Èrò pọ̀ bí eéṣú. Ìlà gùn, a sì tò sí i. Láti ibi tí a wà ni mo ti rí ọmọkùnrin ìsàlẹ̀ nínú yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn káńtà. Obìnrin kan tó ga, tó fi jígí sójú, dúró bí ìṣísẹ̀ méjì sẹ́yìn rẹ̀, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ọ̀gá nìyẹn, ẹni kan ò ní láti sọ fún mi. Ọmọkùnrin náà gbójú sókè, ó rí wa, ojú rẹ̀ sì gba orí wa kọjá bí ẹni tó ń wo ògiri.

"Ọmọ ìsàlẹ̀ wa kọ́ nìyẹn?" bàbá mi ní.

"Òun ni, sà."

"Ó rí mi."

"Bóyá kò rí yín."

"Ó rí mi. Ojú wa ṣe mẹ́rin."

Èèyàn mẹ́rin ló kù níwájú wa. Mo súnmọ́ etí wọn. "Bàbá, òfin wà níbí ni. Wọn ò gbọdọ̀ kí èèyàn wọn lẹ́nu iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ òyìnbó ni."

"Mo bá òyìnbó ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá," ni wọ́n dáhùn. "Òyìnbó ń kí èèyàn."

Èèyàn mẹ́ta. Ọ̀gá obìnrin yẹn tẹ̀ síwájú, ó wo páálí sítíkà, ó sọ nǹkan sí ọmọkùnrin náà létí, ó tún padà sẹ́yìn. Èèyàn méjì. Mo ní kí n sọ ọ́ báyìí, kí n sọ ọ́ ní gbólóhùn kan: Bàbá, ẹ má pè é, ìjókòó iwájú ló fẹ́ fún yín, iṣẹ́ rẹ̀ lè bọ́. Mo la ẹnu. Ọkùnrin tó wà níwájú wa gbé àpótí rẹ̀ kúrò, ọwọ́ sì ti ń pè wá.

"Good morning, sir. Passport and ticket, please."

Kò dìde, kò tẹ orí ba. Ohùn rẹ̀ tutù bí ti rédíò. Bàbá mi gbé ìwé sílẹ̀ níwájú rẹ̀ láì sọ̀rọ̀. Mo tì wọ́n díẹ̀ pẹ̀lú èjìká, mo fẹ́ dúró sáàárín àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n káńtà kò fẹ̀. Ó wo ìwé, ó kọ nǹkan, ó so nọ́ńbà mọ́ àpótí wọn. Ọwọ́ rẹ̀ yára. Ó fa káàdì kan jáde, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì rí i pé pupa ni. Ó na èékánná sára páálí, ó ṣí sítíkà kan. Mo rí sítíkà náà lórí ìka rẹ̀, ó funfun, kò tóbi ju èékánná lọ. Gbogbo ẹsẹ̀ bàbá mi wà lórí rẹ̀.

"Ìwọ ọmọkùnrin yìí," bàbá mi ní, wọn ò pariwo, ṣùgbọ́n ohùn àtẹ̀gùn ni. "Ṣé kóòtù tí mo wọ̀ ni o kò fi dá mi mọ̀? Padà. Wá kí mi."

Ẹni tí kò bá gbé ilé wa kò lè mọ ohun tí gbólóhùn yẹn ń ṣe sí ara ènìyàn. N kò rò pé ọmọkùnrin náà rò ó. Ara rẹ̀ ló dìde. Orúnkún rẹ̀ yẹ̀ lẹ́yìn káńtà, orí rẹ̀ lọ sílẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kan ilẹ̀, òsì wà lókè pẹ̀lú sítíkà lórí ìka. "Ẹ káàárọ̀, sà," ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà tó fi gbórí sókè, ojú rẹ̀ ti ṣú.

Ọ̀gá rẹ̀ ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó wo káàdì pupa. Ó wo tíkẹ́ẹ̀tì. Ó yọ jígí.

"Bàbá," ó ní ní Yorùbá, ó sì rọra sọ ọ́, "ṣé ẹ mọ ọmọ yìí ni?"

Ojú bàbá mi lọ sí káàdì náà. Mo rí i bí ó ti dúró síbẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, wọ́n mọ àwọ̀ pupa yẹn ju ẹnikẹ́ni níbẹ̀ lọ. Wọ́n wo tíkẹ́ẹ̀tì wọn. Wọ́n wo sítíkà lórí ìka ọmọkùnrin náà. Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí mi. Wọn kò wo ọmọ náà rárá, èmi ni wọ́n wò, wọ́n sì pẹ́ lójú mi. Mo gbójú sílẹ̀.

"Rárá, madam," ni bàbá mi wí. "Mo ṣì í mú ni. Ó jọ ọmọ kan ládùúgbò wa."

"Ó dọ̀bálẹ̀ fún yín."

"Ọmọ Yorùbá ni. Àgbàlagbà bá a wí, ó tẹríba. Ẹ bá mi kí ìyá tó bí i." Wọ́n na ìka sí káàdì náà. "Ẹ wò ó, ó ti fẹ́ fún mi ní ti ẹlòmíràn. Ẹ̀yìn ni tíkẹ́ẹ̀tì mi wà. Ẹ fún mi ní ti ẹ̀yìn."

Bàbá mi tí kò purọ́ rí. Mo la ẹnu pé, "Madam, ẹ jọ̀ọ́," ṣùgbọ́n kí n tó dárúkọ ẹsẹ̀, wọ́n ti di ọrùn ọwọ́ mi mú. Wọ́n fún un débi tó dùn mí.

Ọ̀gá náà gba sítíkà kúrò lórí ìka ọmọkùnrin náà, ó lẹ̀ ẹ́ padà sára páálí. Fúnra rẹ̀ ló ṣí òmíràn, ó fi í sórí káàdì àwọ̀ ewé. Ìlà tó kẹ́yìn pátápátá ni, láàárín, níbi tí àwọn amusìgá ń jókòó sí. "Next," ó ní. Ọmọkùnrin náà jókòó, ó sì na ọwọ́ gba ìwé ẹni tó tẹ̀ lé wa.

Títí a fi dé ẹnu ọ̀nà tí èrò nìkan ń gbà wọlé, bàbá mi kò bá mi sọ̀rọ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n jọ̀wọ́ apá mi.

"Bàbá, ẹ má bínú."

"Kò séwu," ni wọ́n wí. "Ẹ̀yìn náà á dé Lọ́ńdọ̀nù."

Wọ́n wọlé. Ọ̀gá yẹn ṣì lè rí wọn láti ibi tó wà, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n na ẹ̀yìn ró, wọ́n ń rìn bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe, wọ́n ń rọra yí ìbàdí kí ẹsẹ̀ gbọọrọ yẹn lè tẹ̀ lé wọn. Mo ń juwọ́ sí wọn títí wọ́n fi yà. Ìgbà tí mo fẹ́ fi ìborùn nu ojú ni ọ̀pá wọn bọ́ lábẹ́ abíyá mi, tó sì dún gbà lórí sìmẹ́ńtì. Mo ní kí n sáré wọlé, ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà dá mi dúró. Ó ní èrò nìkan.

Mo gbé ọ̀pá padà sí Fẹ́sítáàkì. Mo gbé e sórí itan nínú ọkọ̀ bí ẹni gbé ọmọ.

Ní ọ̀sán, ọmọkùnrin ìsàlẹ̀ gòkè wá. Wọn ò lé e. Ọ̀gá rẹ̀ ń wò ó, ṣùgbọ́n kò rí ohun tó lè dì mú, bàbá mi ti ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo àga tó ṣófo, ó wo ọ̀pá tí mo fi ti ògiri.

"Àǹtí," ó ní, "ẹ ní ẹ ti sọ fún wọn."

Kò bínú, ìyẹn gan-an ló pa mí. Ó kàn yí padà, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ọmọ rẹ̀ tó ń ké.

Lẹ́tà ẹ̀gbọ́n mi dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kẹ̀kẹ́ aláìsàn ni wọ́n fi gbé bàbá wa kúrò nínú bàálù. Ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú ẹsẹ̀ náà, bí dókítà ṣe wí. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi wà nílé ìwòsàn kí wọ́n tó lè fọwọ́ kan orúnkún, ọjọ́ tí wọ́n dá fún wọn ti kọjá, wọ́n sì ṣe ìwọ̀nba tó ṣeé ṣe. Ó ní wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì sọ fún òun pé nígbà tí àwọn ń gba iwájú bàálù kọjá lọ sẹ́yìn, àwọn ka àga kan tó ṣófo. Ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ́ bí àwàdà. Mo ká lẹ́tà náà, n kò tún un kà mọ́.

Oṣù kẹta tí wọ́n lọ ni wọ́n padà wálé. Orúnkún wọn ká díẹ̀, kò ká tó bí a ṣe fẹ́. Ọ̀pá wọn ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, aago mẹ́fà ààbọ̀ bá wọn lórí àga. Èmi wà nínú ilé, mò ń po tíì, mo sì gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ọmọkùnrin ìsàlẹ̀ ni. Ó na ara rẹ̀ tán sílẹ̀, yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ kan sìmẹ́ńtì.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ forí jì mí."

"Dìde, ọmọ mi," ni bàbá mi wí. "Èmi ló yẹ kí n bẹ̀ ọ́. Mo sọ lójú gbogbo ayé pé n kò mọ̀ ọ́. Ọmọ ńkọ́? Ṣé ó ti ń jókòó?"

Wọ́n ṣàdúrà fún un, ó sì lọ síbi iṣẹ́. Mo gbé tíì jáde. Mo ti kí wọn ní kùtùkùtù, nítorí náà mo kàn gbé ife sí ẹ̀gbẹ́ wọn, mo sì fẹ́ padà.

"Ọmọ yẹn kò gba iwájú mi kọjá láì kí mi," ni wọ́n wí. Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni wọ́n ń wò. "Mo ti rò ó dáadáa lórí ibùsùn níbẹ̀ yẹn. Sítíkà tó wà lórí ìka rẹ̀, ìkíni rẹ̀ nìyẹn. Èmi ni n kò mọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìwọ ńkọ́? O rí mi láàárọ̀, o rí mi lálẹ́. O mọ ibi tí ò ń mú mi lọ, o mọ ohun tó wà níbẹ̀, o sì ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni tó ń gba ẹ̀gbẹ́ àga kọjá."

Mo tún ife tíì gbé sí àyè rẹ̀.

"Padà," ni wọ́n wí. "Wá kí mi."

Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni mí, olùkọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mo padà sínú ilé, mo ti ilẹ̀kùn. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀ títí mo fi lè mí. Lẹ́yìn náà mo ṣí i, mo jáde, mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Wọ́n jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó dáhùn.